Ọlọ́pàá Ní Ẹ Sáré Jù: Báwo Ló Ṣe Mọ̀?

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta." Ohun tí ọlọ́pàá náà kọ́kọ́ sọ nìyẹn lẹ́yìn tó kí mi tán. Ó yí ojú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ sí mi kí èmi náà lè rí i: 63, nọ́ńbà pupa, ó ń tàn yòò. Ní ojú ọ̀nà tí mo wà, 50 ni òfin fàyè gbà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo wo mítà mi," ni mo fèsì, "51 ni mo rí." Ó mi orí. Èmi náà mi tèmi. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwa méjèèjì, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó mọ bí ìyẹn ṣe ṣeé ṣe.

Irú ìjà yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ níbi gbogbo. Ẹnì kan á ní nọ́ńbà tó bá wu àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè. Òmíràn á ní ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ló sáré, òun ni wọ́n wá mú. Ẹlòmíràn jókòó sílé rẹ̀, lẹ́tà dé, wọ́n ní kámẹ́rà ya ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí kò ti rí ọlọ́pàá kankan. Inú ń bí wọn, mi ò sì bá wọn wí, torí kò sí ohun tó ń dunni bíi kí wọ́n báni ṣẹjọ́ lórí ohun tí kò yéni. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn eré á mọ ìgbà tó yẹ kí òun sanwó, á sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun sọ pé rárá.

Kí là ń pè ní eré gan-an?

Eré ọkọ̀ ni bí ọ̀nà tó rìn ṣe gùn tó, tí a bá pín in sí àsìkò tó fi rìn ín. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan ń sá 50, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, yóò rin kílómítà 50 kí wákàtí kan tó pé. Ṣùgbọ́n wákàtí ti gùn jù fún ohun tí à ń sọ. Ẹ wò ó báyìí: ọkọ̀ tó ń sá 50 ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọjá gígùn ọkọ̀ kékeré mẹ́ta.

Gbèdéke eré ni iye tí òfin ní kí a má kọjá lójú ọ̀nà kan. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ló sá eré àsápajúdé lójú òfin, ì báà jẹ́ kílómítà díẹ̀ ló fi kọjá. Owó ìtanràn ni owó tí òfin ní kí ẹni tó rú u san, tó sì ní ìwé tó ń tì í lẹ́yìn.

Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ ni ọlọ́pàá fi ń lé ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Walter Arnold wa ọkọ̀ kọjá ní Paddock Wood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní eré máìlì 8 ní wákàtí kan, níbi tí òfin ti ní kó má kọjá 2. Ọlọ́pàá gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e fún nǹkan bíi máìlì márùn-ún kó tó bá a, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé e. Lónìí, ọlọ́pàá ò ní láti kúrò lójú kan. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń mọ eré wa: rédà, lésà àti kámẹ́rà.

Rédà: ẹ̀rọ tó ń fetí gbọ́ eré

Ẹ ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà rí nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń bọ̀, tó ń han gooro. Bó ṣe ń sún mọ́ yín, ohùn rẹ̀ ń ga, ó ń há. Bó bá ti kọjá lójú yín báyìí, ohùn náà á wálẹ̀ lójijì, á sì ki. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan fèrè náà o. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ohun tó yí padà ni bí ìró náà ṣe ń dé etí ẹni tó dúró. Nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti ń jáde sún mọ́ yín ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fún mọ́ra. Nígbà tó ń lọ, ńṣe ni wọ́n ń jìnnà síra wọn.

Christian Doppler, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Austria, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1842. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Buys Ballot ní Netherlands kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí wọ́n máa fun ohùn kan náà, ó wá to àwọn olórin tí etí wọn mú sẹ́bàá ojú irin kí wọ́n sọ ohùn tí wọ́n gbọ́. Bí Doppler ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí.

Ohun tí rédà ń ṣe nìyẹn, àfi pé ìgbì rédíò ló ń lò, kì í ṣe ìró. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó ń ju bọ́ọ̀lù lu ògiri, bọ́ọ̀lù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ògiri bá dúró sójú kan, bọ́ọ̀lù kan náà ni yóò máa padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ń rìn bọ̀ wá bá a, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń rìn á máa kúrú sí i, bọ́ọ̀lù á sì máa padà léraléra, yára ju bó ṣe ń jù wọ́n lọ. Ọkọ̀ yín ni ògiri yẹn. Ìgbì rédíò ni bọ́ọ̀lù.

Irú rédà kan tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ń ju ìgbì tó lé ní bílíọ̀nù 24 síta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ní 50, iye ìgbì tó ń padà á fi nǹkan bí 2,240 ju iye tó ń lọ. Ẹ̀rọ náà á ka ìyàtọ̀ yẹn, á sì sọ ọ́ di kílómítà. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ní 100, ìyàtọ̀ náà á di ìlọ́po méjì. Kò sí àfojúbù níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 2,240 yìí sọ́kàn, a máa tún bá a pàdé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1947 ni àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ti ń dán rédà wò lára ọkọ̀ tó ń kọjá, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tó sọ rédà di ohun èlò ńlá lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun.

Ibi tí rédà kù sí nìyí, ó sì yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Rédà kì í ṣa ọkọ̀ kan yọ láàárín ọ̀pọ̀. Bí iná tọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń fẹ̀ bó bá ṣe ń jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń fẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó lè ti bo gbogbo ojú ọ̀nà, kó sì gbá ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Nọ́ńbà tó máa ń gbé jáde ni ti ọkọ̀ tó dá ìgbì padà jù. Tírélà ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, pẹ̀lú ojú rẹ̀ gbàràmù gbaramu, lè dá ìgbì padà ju ọkọ̀ kékeré yín lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níwájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọlọ́pàá pé kó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ọkọ̀ tó ń sáré, kó díwọ̀n rẹ̀ lọ́kàn, kó tó wá fi ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ń sọ pé "ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ni" lè máa sọ òótọ́, pàápàá bí ọ̀nà bá kún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà lójú ọ̀nà, tó gbòòrò tó dá páropáro, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àwáwí mìíràn.

Ṣé ibi tí ọlọ́pàá dúró sí lè yí nọ́ńbà padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Eré tí ẹ̀ ń sá bọ̀ wá bá rédà ló ń rí. Ẹ rántí ẹni tó jókòó sínú oko, tó ń wo ọkọ̀ tó ń lọ lọ́nà tó jìnnà sí i. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó, kò jọ pé ó ń sún mọ́ ọn, torí ńṣe ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni rédà ṣe ń rí i. Bí ọlọ́pàá bá dúró jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó fi jẹ́ pé ìgbì rẹ̀ àti ọ̀nà fi igun dígírì 20 pàdé, ọkọ̀ tó ń sá 100 á hàn sí i bíi 94. Bí igun náà bá tó 30, á hàn bíi 87.

Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́pàá bá dúró sójú kan, ẹ̀yin ni àṣìṣe yìí ń gbè. Ó ń dín eré yín kù ni. Ibi tó ti lè dojú kọ awakọ̀ ni ìgbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ bá ń rìn, tẹ́ ẹ sì ń bọ̀ láti iwájú rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ wọn eré ọkọ̀ tirẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò nínú bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń yára sún mọ́ra, kí ìyókù di tiyín. Bó bá wọn tirẹ̀ sí kékeré, torí pé ìgbì rẹ̀ gbá nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tiyín ni yóò fi lé e lórí. Ọlọ́pàá tó mọṣẹ́ máa ń wo mítà ọkọ̀ ara rẹ̀ láti rí i pé ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa òun bá ti mítà mu.

Lésà: ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀

Ẹ̀rọ yìí jọ awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ọlọ́pàá á gbé e sójú, á wo àárín rẹ̀, á sì fi àmì kékeré inú rẹ̀ sórí ọkọ̀ yín, lọ́pọ̀ ìgbà sórí pátákó nọ́ńbà torí pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí ni ẹ̀rọ náà ń ta síta.

Kò gbọ́ ohùn Doppler kankan. Àsìkò ló ń kà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin kílómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà bí ọkọ̀ bá wà ní mítà 300, ìmọ́lẹ̀ á lọ, á sì bọ̀, láàárín ìdá méjì nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ náà ń ka ìyẹn, á sì mọ bí ẹ ṣe jìnnà tó. Á tún ta òmíràn, á tún kà á: ẹ ti sún mọ́ díẹ̀. Ó ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ó ń wo bí ọ̀nà tó wà láàárín yín ṣe ń kúrú, ibẹ̀ ló ti ń mọ eré yín.

Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ ní mítà 300, ó lè mú ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀. "Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ni" kì í sábà múná dóko níbí. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni kí ọwọ́ ọlọ́pàá gbọ̀n, kí ìmọ́lẹ̀ náà yọ́ láti iwájú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀rọ rò pé ìyọ́kúrò yẹn jẹ́ apá kan eré. Ẹ̀rọ tó dára máa ń mọ̀ pé nǹkan ò lọ geerege, á sì kọ̀ láti gbé nọ́ńbà jáde. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọkàn mi balẹ̀ ju kí wọ́n kàn gbé e lọ́wọ́ lọ.

Kámẹ́rà tí kò sí ọlọ́pàá nídìí rẹ̀

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ di ti kámẹ́rà eré fẹ́ràn eré gan-an. Maurice Gatsonides, ará Netherlands, ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Monte Carlo ní 1953. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe ń yára tó ní kọ́nà kí òun lè túbọ̀ yára, ló fi ṣe ẹ̀rọ tó fi ń wọn eré ara rẹ̀. Inú ẹ̀rọ yẹn ni kámẹ́rà Gatso ti jáde, èyí tí wọ́n fi ń dín eré àwọn ẹlòmíràn kù kárí ayé báyìí.

Rédà ló wà nínú Gatso àtijọ́. Bó bá ti rí i pé ọkọ̀ kọjá gbèdéke, á ya fọ́tò, á dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, á tún ya èkejì. Kí nìdí tó fi jẹ́ méjì? Kí ẹ̀rí lè wà tí ènìyàn lè fi ojú wò. Wọ́n fa ìlà funfun sójú ọ̀nà níbẹ̀, àlàfo àárín wọn dọ́gba. Ọkọ̀ tó ń sá 60 á rin mítà mẹ́jọ àti díẹ̀ láàárín fọ́tò méjèèjì. Bí ẹ bá ka ìlà tó fi kọjá, ẹ lè ṣe ìṣirò náà fúnra yín lórí bébà, láìsí rédà. Bí wọ́n bá fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kàn wò ó kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ ka ìlà.

Irú kejì ni èyí tó ń wọn eré láti ibì kan dé ibòmíràn. Kámẹ́rà kan ka nọ́ńbà ọkọ̀ yín níbí, ó kọ àsìkò sílẹ̀. Òmíràn wà ní kílómítà mẹ́fà sí i, ó tún kà á. Bí gbèdéke bá jẹ́ 60, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló yẹ kó gbà yín. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin dé, 90 lẹ sá. Awakọ̀ tó bá tẹ bíréèkì lọ́dọ̀ kámẹ́rà àkọ́kọ́, tó wá fò fẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó tún tẹ bíréèkì lọ́dọ̀ èkejì, ara rẹ̀ ló ń tàn. Lójú tèmi, èyí ló tọ́ sí awakọ̀ jù, torí kì í mú ẹni tó ṣèèṣì kọjá gbèdéke fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fi yà fún ọkọ̀ mìíràn.

Ti iná tráfíìkì ò gba àlàyé púpọ̀. Ó ní ohun kan lójú ọ̀nà tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá kọjá ìlà ìdúró. Bí iná bá ti pupa kí taya yín tó kan ìlà, á ya yín lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹ tó kọjá ìlà, àti nígbà tí ẹ ti wà láàárín oríta. Bẹ́ ẹ bá ti wọ oríta kí iná tó pupa, kò kàn yín. Bí ọlọ́pàá bá wà lójú oríta tó ń fọwọ́ darí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló lágbára ju iná lọ. Ó wà nínú àdéhùn ojú pópó tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní 1968. Bó bá ní kẹ́ ẹ kọjá nígbà tí iná pupa, ẹ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ àti àsìkò rẹ̀ bóyá kámẹ́rà á kọ lẹ́tà sí yín.

Kí ló dé tí mítà mi ń sọ nǹkan mìíràn?

Ibí ni ọ̀rọ̀ èmi àti ọlọ́pàá yẹn wà. Mo rò pé mítà ọkọ̀ máa ń sọ òótọ́ pọ́ńbélé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan wà, ìkọkàndínlógójì nínú àwọn òfin wọn lórí ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé. Ó ní mítà ò gbọdọ̀ sọ pé eré kéré ju bó ṣe rí lọ láé. Ó lè sọ pé ó pọ̀ jù, ó sì fún un láyè ìdá mẹ́wàá eré náà pẹ̀lú kílómítà mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá 80 gan-an lè gbé 92 sójú mítà, kó má sì rú òfin kankan.

Nítorí náà, bí mítà bá tilẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ọlọ́pàá, ti mítà ló yẹ kó ga. Bí tiyín bá kéré sí ti ọlọ́pàá, ẹ wo taya. Taya tó tóbi ju èyí tí ọkọ̀ bá jáde ń rìn jìnnà sí i ní yíyípo kan, mítà ò sì mọ̀. Yíyípo ló ń kà. Ẹni tó pààrọ̀ taya sí ńlá torí ẹwà ti dín mítà rẹ̀ kù láìmọ̀. Ní ti taya tó ti jẹ, ńṣe ló ń mú kí mítà ga sí i.

Taya tèmi ò tóbi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo sì padà lọ́kàn sí àsìkò yẹn gan-an. Mo rí nǹkan kan tó ń tàn lábẹ́ òjìji igi níwájú. Ẹ̀wù ọlọ́pàá ni. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí tọ́tù, ó kan bíréèkì. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo mítà: 51. Bó ṣe tò tẹ̀ léra nìyẹn: ojú, ẹsẹ̀, ojú. Ọkọ̀ ò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ láti kúrò ní 63 sí 51. Rédà ti rí mi kí èmi tó rí ẹni tó gbé e dání. Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ ni òun náà sọ, àsìkò tí òótọ́ tèmi ṣẹlẹ̀ ló yàtọ̀ sí tirẹ̀. Mo ti bi ọ̀pọ̀ awakọ̀ mìíràn léèrè láti ìgbà náà: "Ìgbà wo lo wo mítà, kó o tó rí ọlọ́pàá ni àbí lẹ́yìn tó o rí i?" Wọ́n máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

Kílómítà mẹ́wàá péré, kí ló wà níbẹ̀?

Èyí ni ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù, òun ló sì ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ méjì, kí wọ́n jọ máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ń sá 50, èkejì 60. Ilẹ̀ gbẹ, bíréèkì méjèèjì dára. Ọmọdé kan sáré já sójú ọ̀nà ní mítà 28 síwájú. Awakọ̀ méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gba ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹsẹ̀ tó dé bíréèkì.

Ẹni tó ń sá 50 ti jẹ mítà 14 kó tó tẹ bíréèkì. Ó fi mítà 14 tó kù dúró. Ọkọ̀ náà dúró sí iwájú ọmọ náà, ẹnu ọ̀nà ikú ló dúró sí.

Ẹni tó ń sá 60 ti jẹ nǹkan bíi mítà 17 kó tó tẹ bíréèkì. Mítà 11 ló kù fún un. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ náà wà, ó ṣì ń sá tó 40.

Kì í ṣe pé ó fi mẹ́wàá gbá ọmọ náà. 40 ló fi gbá a. Ohun tí "mẹ́wàá péré" ń sọ dà nìyẹn, torí agbára tí bíréèkì ní láti pa kú nínú ọkọ̀ máa ń pọ̀ sí i ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì nílò á di ìlọ́po mẹ́rin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ewu ikú fún ẹlẹ́sẹ̀ tí iwájú ọkọ̀ gbá á di ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ bí eré bá kúrò ní 50 dé 65. Àjọ yẹn náà ló sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń yọ díẹ̀ fún awakọ̀ kí wọ́n tó bu owó ìtanràn, torí kò sí ẹ̀rọ tó pé pérépéré. Ní Jámánì, bí kámẹ́rà ẹ̀bá ọ̀nà bá wọn ọkọ̀, wọ́n á yọ kílómítà mẹ́ta bí eré náà ò bá tó 100. Bó bá ju 100 lọ, wọ́n á yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni wọ́n ń yọ. Wọn ò fi ta awakọ̀ lọ́rẹ pé kó fi máa sáré sí i.

Kí ni mo lè béèrè nígbà tí wọ́n bá dá mi dúró?

Ẹ kọ́kọ́ dúró sí ibi tí ọkọ̀ mìíràn ò ti ní gbá yín. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárìn níbi tó ti hàn, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bó bá jẹ́ alẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá yín ò mọ irú ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀, ẹ̀rù lè máa ba òun náà. Ẹ kí i. Ìkíni ò ní kẹ́ ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi í ní ohun tó yẹ. Irú ẹ̀rọ wo lẹ fi wọn ọkọ̀ mi? Níbo lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n? Ọkọ̀ mélòó ló wà nítòsí mi? Níbo ni pátákó gbèdéke wà? Bó bá jẹ́ pé igi ti bo pátákó náà mọ́lẹ̀, ẹ padà lọ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó gé igi. Ẹ ka ìwé tí wọ́n bá kọ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú: ọjọ́, àsìkò, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ọ̀nà. Ẹ má bá a jà níbẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì sí awakọ̀ kan tí mo mọ̀ tí ariwo rẹ̀ dín nọ́ńbà kù. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí, ibi tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá, tí kò sì fẹ́ kọ ìwé kankan, owó yẹn kì í ṣe ìtanràn, ohunkóhun tó bá pè é. Ẹ rọra ní kó kọ ìwé. Lójú tèmi, ọlọ́pàá tó ń kọ ìwé fún awakọ̀ ń dáàbò bo awakọ̀ náà àti ara rẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí ò parọ́? Wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ eré lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì máa ń wà. Ọlọ́pàá náà tún gbọ́dọ̀ dán an wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo bi ọlọ́pàá tó mú mi ní ìbéèrè yẹn nígbà tí ohùn mi ti wálẹ̀. Kò bínú. Ó ṣí àpótí kékeré kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó mú irin kan jáde, irin ẹlẹ́nu méjì bíi fọ́ọ̀kì, èyí tí àwọn olórin fi ń wá ohùn. Wọ́n tẹ 50 sí ara rẹ̀. Ó fi í gbá àtẹ̀lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, irin náà ń han yẹ̀ẹ́. Ó gbé e síwájú rédà. Irin yẹn ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 2,240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní 50 fi ń yí ìgbì padà, rédà ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Èmi àti òun jọ tẹ̀ síwájú wo ojú ẹ̀rọ náà. 50 ló wà níbẹ̀. Mo gba ìwé mi, mo sì buwọ́ lù ú.